Ta ló ti lọ yẹ eyín wò rí láìjẹ́ pé ó ń dùn ún?

TíṣàÒṣogbo (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀), Ọjọ́ Àìkú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin ará, ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Ọjọ́bọ̀. Mo ní kí n kọ ọ́ síbí kí òbí mìíràn má bàa ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́sàn-án lóṣù tó kọjá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń rí àmì dúdú kan lórí eyín rẹ̀ kan lẹ́yìn, lápá òsì nísàlẹ̀. Kò ju orí ìṣó kékeré lọ. Mo ní eyín ọmọdé ni, yóò ká, òmíràn á hù. Ọmọ náà ò ráhùn. Ó ń jẹ ẹran, ó ń fọ́ egungun adìẹ. Àfìgbà tó di òru Ọjọ́rú tó jí, tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, tó ń sunkún. Omi gbígbóná àti iyọ̀ ò ràn án. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ la gbọ̀nà ọ̀dọ̀ dókítà eyín lọ.

Dókítà tanná sí i lẹ́nu, ó wò ó títí, ó wá bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé eyín yìí kì í ṣe èyí tó máa ká?" Ó ní eyín àgbà ni. Ó ní bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni í máa ń hù, lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé pátápátá. Nítorí pé eyín kankan ò ní láti ká kó tó jáde, òbí kì í mọ ìgbà tó dé. Ihò náà ti wọnú lọ bá iṣan. Wọ́n yọ ọ́. Òmíràn ò ní hù níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Nígbà tá a délé, ọmọ náà tú òwú tí wọ́n fi wé eyín náà, ó ní kí n jẹ́ kóun lọ jù ú sórí páànù bó ti ṣe sí àwọn tó ti ká tẹ́lẹ̀, kí alángbá má bàa rí i, kí tuntun lè tètè hù. N ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Mo jẹ́ kó jù ú.

Ìbéèrè mi rèé. Nínú gbogbo wa níbí, ta ló ti lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín rí láìjẹ́ pé eyín ń dùn ún? Ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ gbé lọ? Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀rù sì ti ń bà mí.

---

AlátaDúgbẹ̀, Ọjọ́ Àìkú

Ẹ kú àfaradà, Tíṣà. Ẹ má fi ìyà jẹ ara yín, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.

Kí n sọ òótọ́, n ò lọ rí láìjẹ́ pé ó ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ, eyín mẹ́rin ni mo sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bó ti ń ṣe mí nìyí: á kọ́kọ́ máa ta mí tí mo bá mu omi tútù. Màá yí oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á dákẹ́, màá ní ó ti san, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ tó bá padà dé, kì í jẹ́ kí n jókòó nídìí ọjà.

Ìgbà kẹta tí mo lọ, nọ́ọ̀sì ní kí n wá fọ eyín ní ọsibítù, pé ìdọ̀tí ti gan mọ́ ọn nídìí. Àwọn ará ọjà ní kí n má dán an wò, pé ẹni tí wọ́n bá fọ eyín fún, gbogbo eyín rẹ̀ ni yóò máa mì. N ò lọ. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo yọ ìkẹrin.

Mo fẹ́ mọ̀, ṣé òótọ́ ni fífọ yẹn máa ń tú eyín?

---

ÀgbàÌjẹ̀bú, Ọjọ́ Ajé

Mo kí ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá ọmọ, ẹ kú ìrọ́jú.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí. N ò tíì dùbúlẹ̀ lórí àga dókítà eyín rí. Bí mo bá jí, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, pákò ni. Orín ata ni mo fẹ́ràn jù, ó máa ń ta ẹnu, ó sì máa ń jẹ́ kí itọ́ sun. Nígbà mìíràn pákò Ìjẹ̀bú. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn kì í rùn, eyín wọn funfun. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé eyín funfun lẹ̀ṣọ́ ẹ̀rín.

Èrò tèmi ni pé bísíkíìtì, súwíìtì àti mínírà ló ń ba eyín àwọn ọmọ ìsinsìnyí jẹ́. Ẹ mú ìyẹn kúrò nílé, ẹ fún wọn ní pákò, ẹ ò ní nílò dókítà. N ò sọ pé kẹ́ni tí eyín ń dùn má lọ o. Ṣùgbọ́n kí ara èèyàn le, kó wá gbéra lọ bá dókítà pé kó wá wò ó, n ò rí ìdí rẹ̀.

---

DókítàEyín_Ifẹ̀, Ọjọ́ Ajé

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Tíṣà, mò ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ ti rí férémù ilẹ̀kùn tí ikán wọ̀ rí? Ọ̀dà á ṣì máa dán lójú rẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fìka tì í ni ìka máa wọlé. Bí eyín ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìkarahun funfun tó bo eyín lóde ló le jù lọ nínú gbogbo ara èèyàn, ó le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n kò ní iṣan tó lè mọ ìrora. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lẹ́nu wa ń jẹ nínú ṣúgà tí à ń jẹ, wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi kíkan, ásíìdì. Omi kíkan yẹn ló ń yọ́ ìkarahun náà díẹ̀díẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, èèyàn ò ní mọ nǹkan kan. Ìgbà tí ihò bá wọ ipele kejì ni omi tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ìgbà tó bá dé àárín gbùngbùn, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà, ni òru máa ń di ọ̀sán. Àwọn àgbà wa ń pè é ní kòkòrò eyín, bíi pé aràn kan wọbẹ̀. Aràn kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé nǹkan ẹlẹ́mìí ló ń jẹ ẹ́.

Àǹtí AlátaDúgbẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí ohun tẹ́ ẹ kọ pé "á dákẹ́". Eyín tó dùn yín tó wá dákẹ́ láìsí ìtọ́jú, kò san o. Ó sábà máa ń jẹ́ pé iṣan inú rẹ̀ ló kú. Ó ń rà sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ìdí tí a fi ń pe èèyàn wá nígbà tí kò dùn ún nìyí. Bí a bá bá a nígbà tó ṣì jẹ́ àmì funfun bíi ẹfun lójú eyín, a lè fi fluoride, èròjà tó ń mú eyín le, kùn ún kó padà le, a ò ní gbẹ́ nǹkan kan. Tó bá ti di ihò kékeré, a óò gbẹ́ ẹ, a óò dí i, ẹ óò kúrò lórí àga kí wákàtí kan tó pé. Tó bá ti kan iṣan, bóyá ká gbẹ́ gbogbo inú gbòǹgbò rẹ̀, èyí tó wọ́n tó sì máa ń gbà ju ìpàdé kan lọ, bóyá ká yọ ọ́. Eyín kan náà ni o. Ìgbà tẹ́ ẹ gbé e wá ló yàtọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ní ti fífọ: rárá, kì í tú eyín. Nǹkan yíyọ̀ tẹ́ ẹ máa ń fi ahọ́n kàn lójú eyín láàárọ̀, bí a ò bá fọ̀ ọ́ kúrò, itọ́ á sọ ọ́ di líle bíi sìmẹ́ńtì. Búrọ́ọ̀ṣì ò ràn án mọ́, pákò ò ràn án mọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni àìsàn ń bá wọ ẹran ìdí eyín, tí egungun tó di eyín mú á wá máa jẹrà. Nígbà tí a bá gbọn sìmẹ́ńtì yẹn kúrò, èèyàn á rí àlàfo láàárín eyín rẹ̀, á ní wọ́n ti tú u. Àlàfo yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ìdọ̀tí ló kún un. Eyín tó bá sì mì lẹ́yìn fífọ, egungun rẹ̀ ló ti lọ tẹ́lẹ̀.

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Pákò dáa, n ò ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Orín ata yẹn pàápàá, àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń bá kòkòrò àìfojúrí jà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín iwájú yín nísàlẹ̀, lápá inú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi pákò fọnu, ibẹ̀ yẹn kì í mọ́. Àti pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rántí àwọn bàbá wa dáadáa: mélòó nínú wọn ló ṣì lè fọ́ ẹ̀pà lọ́mọ àádọ́rin ọdún?

Tíṣà, ọmọ yẹ kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa kó tó pé ọdún kan, bí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ. Ogún ni eyín ọmọdé, méjìlélọ́gbọ̀n ni tàgbà. Ẹ gbé ọmọkùnrin yẹn wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró de ìrora.

---

ỌmọÈkóNíPeckham, Ọjọ́ Ajé

Ẹ ṣé, Dókítà. Mo ń gbé Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 2009. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débí, ó yà mí lẹ́nu pé àwọn aládùúgbò mi ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín bí ẹni tó ń lọ tún ọkọ̀ ṣe. Èmi ò lọ. Mo ní kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Oyún àkọ́bí mi ló gbé mi dé ibẹ̀. Níbí, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú eyín NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, fún aláboyún, àti títí oṣù méjìlá lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún náà kì í sanwó. Wọ́n rí ihò mẹ́ta tí n ò mọ̀ pé ó wà.

Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ máa lọ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà bí a ti máa ń gbọ́. Láti 2004 ni àjọ NICE tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú níbí ti sọ pé dókítà ni yóò wo ẹnu oníkálukú, kó tó dá ìgbà fún un: àgbàlagbà, láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọmọdé, kó má ju ọdún kan lọ. Èmi ń lọ lọ́dọọdún. Ọkọ mi tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ ò dáa, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìṣòro tiwa níbí ni kéèyàn rí dókítà NHS tó ṣì ń gba ẹni tuntun. Tó o bá sì ti rí, o ò ní fẹ́ pàdánù rẹ̀.

---

Awakọ̀_Ìwó, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi. Ó ń ṣe fọkanáísà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Eyín ẹ̀yìn kan ní apá ọ̀tún rẹ̀ nísàlẹ̀ ti di èépá láti bí ọdún méjì. Kò ní àkókò, ó ní kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú. Ó ra kápúsù ní kẹ́míìsì, ó gbé ọtí sẹ́nu fi yọ́ ọ. Ẹnìkan ní kó lọ aspirin kó fi dí i, ó fi dí i, ó sì bó o lẹ́ran ìdí eyín. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, ọrùn rẹ̀ ti le bí igi, ahọ́n ti gbéra sókè débi pé kò lè pa ẹnu dé. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ nítorí kò lè gbé e mì. Bó bá dùbúlẹ̀, èémí á há. Ìjókòó ló fi sun lálẹ́ yẹn, èmi sì jókòó tì í, mo ń ka èémí rẹ̀.

A gbé e lọ sí ọsibítù ńlá láàárọ̀. Wọ́n ní bí a bá tún sun òru kan sí i nílé ni, ó lè pa á. Wọ́n la abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ níbi méjì, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ kí ọyún lè máa jáde. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá níbẹ̀. Eyín kan ṣoṣo, tí wọn ì bá ti dí ihò rẹ̀ tàbí kí wọ́n yọ ọ́ ní ìdajì wákàtí.

Àpá méjì yẹn wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ títí dòní. Gbogbo ẹni tó bá wá pọ taya lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń fi hàn.

---

ÌyàwóTuntun_Ìlọrin, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ka ti àbúrò ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ara mi bù màṣọ̀. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Oyún oṣù márùn-ún wà lára mi. Láti bí oṣù méjì, bí mo bá ń fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n má fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ mọ́, àti pé aláboyún kì í lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ohun kejì tó ń dá mi dúró ni pé ibi tí mo lọ nígbà tí mo wà nílé ìwé, irinṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kì bọ̀ mí lẹ́nu, inú abọ́ kan tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ti mú un, omi ṣì wà lára rẹ̀. Mo bèèrè bóyá wọ́n ti bọ̀ ọ́, ẹni náà jágbe mọ́ mi pé ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́. Mo dìde, mo bá tèmi lọ. Láti ọjọ́ yẹn n ò tún fẹsẹ̀ tẹ irú ibẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì tún wá di ọ̀rọ̀ owó ńkọ́?

---

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́òkúta, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i kí Dókítà tó dáhùn.

Gbogbo ìyá ló máa ń wo ẹnu ọmọ nígbà tí eyín àkọ́kọ́ bá ń hù. Lẹ́yìn náà a kì í wo ibẹ̀ mọ́. Tí ọmọ bá yàgbẹ́ gbuuru, "eyín ló ń hù." Tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, "eyín ni." Eyín tó ń hù lè mú kí ọmọ máa da itọ́, kó máa kanra, ṣùgbọ́n kì í fa ibà gbígbóná tàbí ìgbẹ́ gbuuru, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí 2008, nígbà tí oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà fún eyín híhù ní májèlé nínú. Ó lé ní ọgọ́rin ọmọ tó kú ní Nàìjíríà. Mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà yẹn. Láti ìgbà náà, n kì í dákẹ́ tí mo bá gbọ́ pé ìyá kan fẹ́ ra oògùn eyín.

Tetracycline náà, kápúsù tí gbogbo wa mọ̀ nílé, ẹ má fún aláboyún, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Ó máa ń wọ inú eyín tó ń múra àtihù, á sì sọ ọ́ di rẹ́súrẹ́sú títí ọjọ́ ayé.

Àti pé kí ọmọ má sùn ti fídà lẹ́nu. Mílíìkì tàbí ògì oníṣúgà tó dúró yí eyín ká mọ́jú ló ń jẹ eyín iwájú wọn tó fi ń dà bíi kùkùté.

---

DókítàEyín_Ifẹ̀, Ọjọ́rú

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an.

Ìyàwó Tuntun, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ óò bí i tibi-tire. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Oyún máa ń jẹ́ kí ẹran ìdí eyín tètè wú, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá yé fọ ibẹ̀, ìdọ̀tí á pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ náà á pọ̀ sí i. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kí ọwọ́ yín fúyẹ́. Àkókò tẹ́ ẹ wà yìí, oṣù kẹrin sí ìkẹfà, ló máa ń rọrùn jù láti jókòó lórí àga wa. Kẹ́ ẹ sáà sọ fún wọn pé ẹ lóyún.

Ẹ ṣe dáadáa bẹ́ ẹ ṣe dìde lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń tọ́jú yín gbọ́dọ̀ já irinṣẹ́ kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í lẹ́yìn tí wọ́n ti sè é nínú ẹ̀rọ. Ojú yín ni kó sì ti já a. Kó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Bíbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀sí. Èmi gan-an, inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá bi mí.

Ní ti owó, ẹni tó bá ní káàdì ìbánigbófò ìlera ìjọba àpapọ̀ (NHIS ni wọ́n ń pe àjọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òfin 2022 ló sọ ọ́ di NHIA), kó bèèrè ohun tó bo nínú ìtọ́jú eyín, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń sanwó e tí wọn ò sì mọ̀ pé eyín wà níbẹ̀. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìjọba, bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ifẹ̀ níbí, ní ẹ̀ka eyín.

Ẹnìkan fi ìkọ̀kọ̀ bi mí pé kí la máa ń ṣe gan-an tí èèyàn bá wá tí kò sí ohun tó ń dùn ún. A óò bi yín ní àìsàn tẹ́ ẹ ní àti oògùn tẹ́ ẹ ń lò. A óò fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn bóyá kókó wà níbẹ̀. A óò wo ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, abẹ́ ahọ́n, àjà ẹnu, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibí yìí ṣe pàtàkì: egbò ẹnu tó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí kò jiná, pàápàá lẹ́nu ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń fín áṣáà, a ní láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni. Kókó inú egungun àgbọ̀n náà wà tí kì í dun èèyàn rárá. Mo ti rí ẹni tó gbé e kiri títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Lẹ́yìn náà la ó wá ka eyín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a óò wọn ẹran ìdí wọn, bó bá yẹ a óò ya fọ́tò inú rẹ̀. Ìyẹn náà ni.

Nílé, ẹ ra ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, kí páálí rẹ̀ sọ pé ìwọ̀n fluoride inú rẹ̀ wà láàárín 1000 sí 1500 ppm. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan; láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan. Ẹ tu ìfófòó náà dànù, ẹ má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí oògùn náà lè dúró lára eyín. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa fọ̀ ọ́, kó jẹ́ alẹ́.

---

AlátaDúgbẹ̀, Ọjọ́rú

Áà! Mo máa ń fi omi kún ẹnu ní ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́yìn tí mo bá fọ̀ ọ́ tán. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó ti parí lónìí.

Mo ti bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, Ọjọ́ Ẹtì la ń lọ fọ eyín, èmi àti òun. N ò ní jẹ́ kí ìkarùn-ún lọ.

---

ÀgbàÌjẹ̀bú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo padà wá. Àgbà tó bá gbọ́ òótọ́ tó kọ̀ ọ́, kò ṣe é fi jàgbà.

Ọ̀rọ̀ Dókítà pé kí n fi ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín iwájú mi nísàlẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sinmi. Mo kàn án. Ó le, ó rí gbágungbàgun bí àpáta. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọmọ mi obìnrin pé kó wá gbé mi lọ.

Wọ́n fi irin tín-ín-rín kan tó ní ìlà lára wọn ìdí eyín mi. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ń ṣe é, ó ń pe nọ́ńbà, ẹnì kejì ń kọ ọ́. Wọ́n ní ibi tó dáa kì í ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Mo gbọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́rin, nígbà tó wá dé apá òsì, mo gbọ́ mẹ́fà, mo gbọ́ méje. Ó dá irin náà dúró, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń dìde tọ̀ lóru gan-an?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ orí ni. Ó ní kí n lọ yẹ ṣúgà ara wò kó tó ṣe ohunkóhun sí i.

Àtọ̀gbẹ ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé, èmi náà ò mọ̀. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ máa ń jẹ́ kí àìsàn ìdí eyín burú sí i, àìsàn ìdí eyín náà kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà ó rọlẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Wọ́n ti fọ apá ọ̀tún, apá òsì ku ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Eyín méjì ń mì, wọ́n ń gbìyànjú láti gba ọ̀kan là.

Pákò mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti ra búrọ́ọ̀ṣì alẹ́. Mo sì kí ọ, Dókítà. O ò bú mi, o ní kí n fi ahọ́n kàn án.

---

DókítàEyín_Ifẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Bàbá, mo ka èyí láàárín iṣẹ́, mo dìde dúró. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn fò yín o, sà.

---

TíṣàÒṣogbo, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Ẹ kú àdúrótì gbogbo yín. Bàbá, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka tiyín.

Mo ti gbé àbúrò lọ. Dókítà ní eyín àgbà méjì ti yọ lẹ́yìn, méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí. Òun ló ní kí n sún mọ́ ọn kí n wá wò ó. Orí eyín náà ní kòtò wẹ́wẹ́, tóóró-tóóró, bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ó ní inú ìlà yẹn ni oúnjẹ ń há sí, tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé, ibẹ̀ gan-an sì ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó nu méjì tó ti yọ tán gbẹ, ó kán nǹkan olómi kan sójú wọn, ó tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, ó le, kòtò náà dí pátápátá. Kò gún un lábẹ́rẹ́, kò gbẹ́ nǹkan kan. Ọmọ náà di dígí kékeré kan mú ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń wo ara rẹ̀. Méjì tó kù, oṣù mẹ́fà sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń wò wá. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é, ó gun àga náà lọ fúnra rẹ̀, ó ya ẹnu. Dókítà wo mí, mo mi orí. Ó ka àwọn tó kù, ó dí kòtò wọn náà. Ó ní mẹ́ta tó ṣẹ́ kù yẹn dáa.

Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, ó bi mí pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà?" N ò rí èsì fọ̀. Káàdì àwọn ọmọ ti wà lára fíríìjì báyìí, mo lẹ tèmi mọ́ abẹ́ tiwọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀.